Ó Jókòó, Ó Rọ̀, Ó Ń Jó: Ẹ̀kọ́ Lórí Sípíríǹgì Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé: jókòó, rọ̀, ṣẹ́ àti jó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì ní Mowe, Ibafo àti Ifo nígbà tí mò ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí èdè tí wọ́n ń lò nídìí iṣẹ́ ọkọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń lò fún ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò dúró bó ṣe yẹ mọ́. Àmọ́ àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dárúkọ, oògùn wọn yàtọ̀, owó wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀rọ̀ karùn-ún kan wà tó máa ń gbé gbogbo wọn mì: "ó ti kú." Bí mẹkáníìkì bá ti sọ pé "sípíríǹgì yín ti kú," oníbàárà kò mọ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni òun fẹ́ sanwó fún. Nígbà mìíràn, mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ ọkọ̀ ni èyí, ẹ̀kọ́ èdè sì ni. Ẹni tó bá ní píkọ́ọ̀pù tàbí jíìpù nílé á rí ohun tó lè fi ṣọ́ owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní á rí bí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ṣe ń pinnu bóòtù tí sípánà máa tú.

Ibi tí ẹrù ti ń tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀

Mowe àti Ibafo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ọ̀dà wà lójú òpópónà, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti yà wọ àwọn àdúgbò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé sí, kòtò àti ẹrẹ̀ ló máa bá. Ifo wà ní ojú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ti Ifo tẹ̀ síwájú á kan Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbòòrò, ilé kíkọ́ sì ń fẹ́ ẹrù: sìmẹ́ǹtì, yanrìn, irin, páànù.

Nínú àwọn ọkọ̀ tí mo bá lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, Hilux ló pọ̀ jù, ọkọ̀ tí Toyota kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1968. Ó lè gba inú ẹrẹ̀ kọjá, ó sì lè gbẹ́rù. Àwọn tó ni ín máa ń retí iṣẹ́ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ibẹ̀ sì ni ìyọnu ti ń bẹ̀rẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kìlógíráàmù, nítorí náà ogún àpò jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Tọ́ọ̀nù kan yìí ti súnmọ́ òpin ohun tí ọ̀pọ̀ Hilux lè gbé, èrò tó wà níwájú ọkọ̀ sì wà nínú ìṣirò náà. Ọkọ̀ tó bá ń gbé ọgbọ̀n àpò lójoojúmọ́ ń gbé tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Irin kì í sunkún, wíwálẹ̀ ló máa ń wálẹ̀.

Orúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀

Sípíríǹgì ẹ̀yìn Hilux kì í ṣe irin wíwé bíi ti bẹ́ẹ̀dì. Irin pẹlẹbẹ mélòó kan ni, tí wọ́n tò léra, tí wọ́n sì tẹ̀ bí ọrun. Ewé ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ewé òkè ló gùn jù. Wọ́n ká orí rẹ̀ méjèèjì bí òrùka kí wọ́n lè fi so ó mọ́ ṣáàsì. Ọmọ iṣẹ́ kan ní Ifo pè é ní "ìyá," ó sì pe àwọn tó kù ní "ọmọ," ó ní bí ìyá bá ṣẹ́, ilé tú. Bóòtù kan gba àárín gbogbo wọn kọjá kí wọ́n má baà yẹ̀. Àwọn bóòtù tí wọ́n tẹ̀ bí lẹ́tà U ló sì di wọ́n mọ́ irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Níwájú, òrùka ewé ìyá dúró sójú kan. Lẹ́yìn, ó rọ̀ mọ́ irin kékeré méjì tó ń mì síwá sẹ́yìn, nítorí sípíríǹgì máa ń gùn sí i bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Rọ́bà tó wà nínú òrùka ni wọ́n ń pè ní búṣì.

Ẹ jẹ́ ká wo orúkọ náà fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì to kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta síwájú fáwẹ̀lì kan ṣoṣo. Yorùbá kì í gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Nítorí náà a fi fáwẹ̀lì la àárín wọn, a tún fi òmíràn sí ìparí: sí-pí-rí-ǹ-gì. Sílébù kan di márùn-ún. Irú àyálò bẹ́ẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù, jáàkì, bóòtù àti ṣọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo kó jọ, ìyàtọ̀ ńlá kan hàn. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n yá, wọn kò yá ọ̀rọ̀-ìṣe. Orúkọ tí ẹ̀yà ọkọ̀ ń jẹ́ wá láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ẹ̀yà náà, èdè ilé ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí mẹkáníìkì mọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ló yẹ ká tẹ́tí sí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin, àrùn mẹ́rin

*Ó ti jókòó.* Ewé ti pàdánù ìtẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ kò gbé nǹkan kan, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀, sípíríǹgì sì tẹ́ pẹrẹsẹ dípò kó tẹ̀ bí ọrun. Gíga ló sọ nù. Líle rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀ láìyingin.

*Ó rọ̀.* Bí ọkọ̀ kò bá gbẹ́rù, ó dúró dáadáa. Bí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́, ó wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Líle ni kò tó, bóyá nítorí pé ẹnì kan ti yọ ewé kan kúrò, tàbí nítorí pé ewé tí wọ́n fi sí i tín-ín-rín ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

*Ó ti ṣẹ́.* Ewé kan ti dá. Ọkọ̀ sábà máa ń ṣẹ́rí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì máa ń dún kọ̀ bó bá bọ́ sí kòtò. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀gbẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan, ní pàtàkì nítòsí bóòtù àárín. Ibi tó dá máa ń ní ìlà ìpẹtà.

*Ó ń jó.* Èyí kì í ṣe ti sípíríǹgì rárá, ti ṣọ́ọ̀kì ni. Ẹ tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kó gòkè kó sì dúró. Bó bá ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ léraléra, ṣọ́ọ̀kì kò lè mú un dúró mọ́. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti pa ijó náà. Gbígbé ẹrù kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Níbi tí "ó ti kú" bá ti rọ́pò àwọn mẹ́rin yìí, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Mowe, ń fi Hilux kó ìrẹsì àti ẹ̀gẹ́ láti apá Ọ̀fàdà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wálẹ̀. Níbi àkọ́kọ́ tí ó gbé e lọ, wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú, wọ́n sì pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Ṣọ́ọ̀kì tuntun wọlé, ọkọ̀ kò gòkè. Níbi kejì, wọ́n ní kí ó jẹ́ kí wọ́n fi ewé méjì kún un lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti sanwó lẹ́ẹ̀kan láìrí èrè á bẹ̀rù láti san ẹ̀ẹ̀kejì. Kí ó tó san án, a wọn ọkọ̀ náà.

Tépù àti àpò sìmẹ́ǹtì

Ìdánwò kìíní rọrùn. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ kó gbogbo ẹrù kúrò, kí afẹ́fẹ́ táyà sì pé. Ẹ wọn ọ̀nà láti àárín gbùngbùn rímù ẹ̀yìn dé etí ara ọkọ̀ tó wà lókè táyà gangan. Ẹ ṣe é lápá méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. A kì í wọn ọ́n láti ilẹ̀, nítorí pé táyà tó rọ̀ lè tan tépù jẹ. Ti Bàbá Mowe jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 47 lápá òsì, 46.5 lápá ọ̀tún. Irú ọkọ̀ kan náà, tí sípíríǹgì rẹ̀ ṣì dára, jẹ́ 52 lápá méjèèjì. Ó ti pàdánù sẹ̀ǹtímítà márùn-ún.

Ìdánwò kejì ló ń ya "jókòó" sọ́tọ̀ kúrò lára "rọ̀." Ẹ̀kọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Hooke, ló rí i pé bí ẹrù tí a gbé lé sípíríǹgì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe yẹ̀ tó: ẹrù ìlọ́po méjì, ìyẹ̀ ìlọ́po méjì. Inú akẹ́kọ̀ọ́ èdè á dùn láti mọ̀ pé lọ́dún 1676, ó kọ́kọ́ fi àwárí náà pamọ́ sínú àwọn lẹ́tà tó dà rú bí àlọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún 1678 ló tó já àlọ́ ọ̀hún fún ayé.

A kó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá, 500 kìlógíráàmù, sẹ́yìn ọkọ̀ Bàbá Mowe, a sì wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Apá òsì ti 47 wá sí 39: sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tó dára. Ó ti 52 wá sí 44: sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ kan náà. Ìdáhùn ti dé nìyẹn. Sípíríǹgì Bàbá Mowe ṣì le bí ó ṣe yẹ. Kò rọ̀, kò ṣẹ́, kò sì kú. Ó jókòó ni. Ká ní ó wálẹ̀ sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá nígbà tí èkejì wálẹ̀ mẹ́jọ, à bá sọ pé ó rọ̀, à bá sì fi ewé kún un.

Oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ewé tó ṣẹ́ kò ní oògùn ju pé kí a pààrọ̀ rẹ̀. Wẹ́dà kò gbọdọ̀ jó o pọ̀, nítorí pé iná á ba irin náà jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó, yóò sì tún dá.

Sípíríǹgì tó rọ̀ ni a ń fi ewé kún. Síbẹ̀, ẹ fi ìṣirò ṣe é. Bí ewé márùn-ún bá di mẹ́fà, tí ewé tuntun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó àwọn tó kù, líle rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i. Nínípọn tún lágbára ju iye lọ, nítorí pé ìlọ́po ẹ̀ẹ̀mẹta ni ti rẹ̀. Ẹ fi ewé 8 mílímítà wé ewé 7 mílímítà: 7 × 7 × 7 jẹ́ 343, 8 × 8 × 8 jẹ́ 512. Mílímítà kan péré ni ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n èkejì fi bí ìdajì le ju èkíní lọ. Ìdí nìyí tí ewé méjì tí wọ́n fẹ́ fi kún ti Bàbá Mowe kò fi bá àrùn rẹ̀ mu. Ọkọ̀ ì bá gòkè lóòótọ́, àmọ́ ní ọjọ́ tí kò bá gbẹ́rù, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ọ̀nà jágajàga, táyà kò sì ní di ilẹ̀ mú nínú ẹrẹ̀.

Sípíríǹgì tó jókòó ní oògùn méjì. Èkíní ni kí a tún un tẹ̀. Àwọn kan ń fi òòlù lù ú ní tútù títí yóò fi tẹ̀ padà. Ó ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó tún jókòó. Àwọn mìíràn ń fi iná sun ún títí yóò fi pọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Èyí ló léwu. Irin sípíríǹgì lágbára nítorí pé nílé iṣẹ́, wọ́n mú un gbóná, wọ́n tì í bọ òróró, wọ́n tún wá yá a níná níwọ̀nba. Bí iná bá pọ́n ọn tí kò sí òróró àti yíyáná lẹ́yìn rẹ̀, líle náà á bá iná lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ èyí dáadáa. Irin sípíríǹgì àlòkù ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rọ àdá, wọ́n sì mọ̀ pé àdá tí a kò rì bọ nǹkan lẹ́yìn iná kò ní mú.

Oògùn kejì ni kí a pààrọ̀ gbogbo ewé náà lápá méjèèjì, láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Òun ni Bàbá Mowe yàn. Iye ewé kan náà, nínípọn kan náà, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀ ju ti àtilẹ̀wá lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí i, tépù ka 55. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ti gbẹ́rù, ó ka 54, ó sì dúró síbẹ̀.

"Gbé e sókè": kí gan-an ló gòkè?

Láti 47 dé 54 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méje. Lójú ẹni tó ń wò ó, wọ́n ti gbé ọkọ̀ sókè gan-an. Ní tòótọ́, márùn-ún nínú rẹ̀ jẹ́ ohun ìní ọkọ̀ tó sọ nù tó sì padà wá. Méjì péré ló jẹ́ àlékún. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gíga, kí ó kọ́kọ́ gba èyí tó sọ nù padà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní nílò ju ìyẹn lọ.

Pọ́nna wà nínú gbólóhùn náà pẹ̀lú. Bí sípíríǹgì bá ga sí i, ara ọkọ̀ àti ṣáàsì ló gòkè. Igbá irin ńlá tó wà láàárín irin gbọọrọ ẹ̀yìn, èyí tó máa ń ha òkè ilẹ̀ láàárín ipasẹ̀ táyà, kò kúrò níbi tó wà. Táyà tó tóbi jù nìkan ló lè gbé ìyẹn sókè. Ẹni tí igbá irin rẹ̀ ń ha ilẹ̀ lójú ọ̀nà oko, tó wá ra sípíríǹgì gíga, ti ra ohun tí kò nílò.

Ọ̀nà mẹ́ta mìíràn ni wọ́n ń gbà gbé ẹ̀yìn sókè. Irin mímì tó gùn sí i ń fúnni ní ìdajì péré: bó bá gùn sí i ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ọkọ̀ á gòkè ní méjì ààbọ̀, nítorí pé orí kan sípíríǹgì ni ó gbé. Búlọ́ọ̀kù irin láàárín sípíríǹgì àti irin gbọọrọ ń gbé e sókè láìfi líle kún un, ṣùgbọ́n ó ń fún táyà lágbára láti lọ́ sípíríǹgì bí awakọ̀ bá tẹ iná tàbí bíréèkì lójijì. Ẹyọ kan ni kí ó jẹ́, kí ó jẹ́ irin, kí a má to méjì léra láé, kí a má sì fi pákó ṣe é. Ẹ̀kẹta ni ewé àfikún, tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí tó wù kí ẹ yàn, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sókè ju ti àtilẹ̀wá lọ ti tó fún ọkọ̀ tó ṣì máa bọ́ sórí òpópónà.

Ohun tí gíga ń fà lẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ Hilux ní fáàfù kan lẹ́yìn tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ irin gbọọrọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ gbẹ́rù. Bí ẹ̀yìn bá wálẹ̀, ó mọ̀ pé ẹrù wà, á fún bíréèkì ẹ̀yìn lágbára sí i. Bí ẹ̀yìn bá ga, á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín agbára náà kù. Gíga tí a fi kún ọkọ̀ ń purọ́ fún fáàfù yìí. Ọkọ̀ á kún fún ẹrù, fáàfù á ní ó ṣófo, ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí á sì jìn ju bó ṣe yẹ lọ, lórí òpópónà tí tánkà epo ti ń sáré níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tún ọ̀pá náà ṣe kó bá gíga tuntun mu. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí, èyí ni kí ẹ má gbàgbé.

Ẹ tún wo àwọn yìí. Kí ọ̀pá bíréèkì onírọ́bà má nà tán nígbà tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀. Kí ṣọ́ọ̀kì gùn tó. Kí a tún iná iwájú tò, nítorí pé bí ẹ̀yìn bá gòkè, ojú iná á wolẹ̀. Kí bóòtù U jẹ́ tuntun, nítorí pé èyí tí a ti fún rí ti nà. Kí a fún un àti bóòtù búṣì nígbà tí táyà bá ti wà nílẹ̀, kí a sì tún un fún lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà. Nígbà iṣẹ́, jáàkì nìkan kò tó: ẹ fi ìdúró irin gbé ṣáàsì, kí ẹ sì fi òkúta tàbí igi há táyà iwájú. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lórí eré lẹ́yìn náà, ọ̀pá tó ń yí láti iwájú wá sẹ́yìn kò dúró déédéé mọ́.

Fún ẹ̀ka tiwa

Ìwé *Èdè-Ìperí Yorùbá*, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ lọ́dún 1984, fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún iṣẹ́ ọkọ̀ lè rò pé orúkọ ẹ̀yà ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀: kí a wá Yorùbá fún ṣọ́ọ̀kì, kí a wá Yorùbá fún búṣì. Ohun tí mo rí yàtọ̀. Kò sí ẹni tí sípíríǹgì ń dà láàmú gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Ó ti di tiwa. Ohun tó sọnù lọ́jà ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín jókòó, rọ̀, ṣẹ́ àti jó, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ náà wà lẹ́nu àwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, ni iṣẹ́ wa.

Bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá wá sọ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ òun ti kú, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé: "Ṣé ó jókòó ni, àbí ó rọ̀, àbí ó ṣẹ́, àbí ó ń jó?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ mú tépù.